Ẹ̀wù Mọ́kọ́lá: Bí Fáírọ́ọ̀sì Ìbàdàn Ṣe Di Aláàárù Inú Sẹ́ẹ̀lì

Nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tàbí tí wọ́n fi ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́ níbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n wọ ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá. Àdúgbò Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn gan-an ni orúkọ náà ti wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú àwọn asín kan ní 1968, tí wọ́n sì bá fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí nínú wọn. Nígbà tí yóò fi di 1998, ọgbọ̀n ọdún géérégé, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti gba ẹ̀wù ìta fáírọ́ọ̀sì yìí, wọ́n ti fi wọ fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n ti gba oró lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà débẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Yábàá ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Henry Beeuwkes ni olórí wọn, Yábàá ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ìjà tó wà nílẹ̀ ni pé Hideyo Noguchi, gbajúmọ̀ onímọ̀ ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti sọ pé bakitéríà kan ló ń fa ibà náà. Àwọn ará Yábàá wá bakitéríà yìí títí lára àwọn aláìsàn, wọn kò rí i.

Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Ibà rẹ̀ kò le, ó sì yè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà gún ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Éṣíà, ọ̀bọ náà kú. Àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà kì í kú irú ikú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwádìí àtẹ̀yìnwá fi ń já sófo. Láti ara ọ̀bọ dé ara ọ̀bọ ni Adrian Stokes ti ìgbìmọ̀ Yábàá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ohun tó ń fa àìsàn náà kéré débi pé asẹ́ tó ń dá bakitéríà dúró kò lè dá a dúró, àti pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Fáírọ́ọ̀sì ni. Stokes fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Noguchi wá sí Accra láti fi ojú ara rẹ̀ rí i; ibà yìí náà ló pa á ní oṣù karùn-ún 1928. William Young, dókítà tó gbà á lálejò ní ilé ìwádìí Accra, tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó yẹ kí á máa rántí wọn, nítorí ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi san owó ìmọ̀ yìí.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D ní 1937. Ó gbin fáírọ́ọ̀sì náà sínú ìṣẹ́po ara ọlẹ̀ eku àti ti ọmọ adìyẹ léraléra títí tí kò fi lágbára láti pa ènìyàn mọ́. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1951. Yábàá náà di ibi tí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ọ̀hún fún Nàìjíríà, títí iṣẹ́ fi dúró níbẹ̀ ní 1991. 17D kò sì parí sídìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí yọ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì àrùn ọpọlọ ti ilẹ̀ Japan rọ́pò, wọ́n sì rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí Australia fọwọ́ sí ní 2010. Bí a bá bọ́ ẹ̀wù ọ̀kan wọ èkejì, ara tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tuntun. Ọgbọ́n yìí ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí rọ̀ mọ́.

Ilé ìwádìí Yábàá ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí àjọ Rockefeller ti kó ẹrù rẹ̀. Ní 1956, L. R. Boulger àti J. S. Porterfield yẹ àwọn àdán ńláńlá tó ń so rọ̀ lórí igi ní Erékùṣù Èkó wò, irú àdán tí ń jẹ èso, tí àwọn ọmọdé máa ń sọ ní òkò. Wọ́n po ọpọlọ mẹ́fà nínú wọn pọ̀, wọ́n fi gún eku nínú ọpọlọ, àwọn eku náà sì ṣàìsàn. Fáírọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ èyí tí wọ́n mọ̀. Wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958, wọ́n fi orúkọ Èkó àti ti àdán pè é, wọ́n sì fi í pamọ́. Ó tó ọdún méjìlá sí i kí ẹnikẹ́ni tó mọ irú ẹbí tó ti wá.

Ìbàdàn ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àjọ Rockefeller àti Yunifásítì Ìbàdàn dá ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ottis Causey, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Belém ní orílẹ̀-èdè Brazil, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ìyàwó rẹ̀, Calista, náà jẹ́ onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀: wọn kì í dúró de aláìsàn. Wọ́n ń kó ẹ̀fọn, wọ́n ń tu eégbọn lára màlúù, wọ́n ń dẹ pàkúté fún eku, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tó ní ibà, wọ́n sì ń fi gbogbo rẹ̀ gún ọmọ eku tí kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Eku tó bá ṣàìsàn ni yóò sọ fún wọn pé fáírọ́ọ̀sì ń bẹ nídìí ohun tí wọ́n fi gún un. Ibi tí wọ́n bá ti rí nǹkan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ́ Dùgbẹ̀ fi wà, láti ara eégbọn màlúù ní Ìbàdàn ní 1964, tí Igbó-Ọrà náà fi wà. Ẹni tó bá ṣí ìwé ńlá tí wọ́n kọ orúkọ fáírọ́ọ̀sì ayé sí, bí ẹni ń ka orúkọ ibùdókọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni yóò rí lójú rẹ̀.

Asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá ní 1968 jẹ́ ẹranko kékeré tí òórùn rẹ̀ máa ń kún ilé, tí ológbò pàápàá kì í fẹ́ jẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni IbAn 27377. Ní 1970, Robert Shope, pẹ̀lú Causey, Graham Kemp, D. L. Moore àti àwọn mìíràn, gbé ìwé jáde pé fáírọ́ọ̀sì yìí àti ti àdán Èkó jẹ́ ìbátan kòkòrò tó ń fa dìgbòlugi. Ìròyìn ńlá ni. Títí di ìgbà yẹn, gbogbo ayé gbà pé dìgbòlugi kò ní ìbátan kankan, pé òun nìkan ló dá wà. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹbí rẹ̀.

Kì í ṣe asín nìkan ló kàn. Ní Ìbàdàn kan náà, Familusi àti Moore rí fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọbìnrin kékeré kan tí ibà àti gìrì mú ní 1968. Ọmọ náà gbádùn. Ní 1971, wọ́n rí i nínú ọpọlọ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà tí àìsàn náà pa. Àwọn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó wà nílé ìwòsàn kò ní ipá lórí Mọ́kọ́lá títí di òní, nítorí ẹ̀wù ìta rẹ̀ yàtọ̀ sí ti dìgbòlugi gan-an débi pé ọmọ ogun ara tó mọ ọ̀kan kò ní dá èkejì mọ̀.

Ẹ̀wù yẹn náà ló sọ ọ́ di ohun èlò. Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá bí sí i. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi ohun èlò onílé ṣe irú ara rẹ̀. Purotéènì tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀ ló ń pinnu sẹ́ẹ̀lì tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Bí a bá gba àwọn jíìnì tó ń fa àrùn kúrò nínú rẹ̀, tí a fi jíìnì tí àwa fẹ́ rọ́pò, a jẹ́ pé a ti sọ ọ́ di aláàárù: yóò gbé ẹrù ẹlẹ́rù wọlé, yóò gbé e kalẹ̀, kò sì ní lè pọ̀ sí i. Ní 1996, ẹgbẹ́ Luigi Naldini, Inder Verma àti Didier Trono ní Salk Institute ní California ṣe irú aláàárù yìí láti ara HIV. Ohun tó mú wọn yan HIV ni pé ó lè wọ ibùdó DNA nínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í pín mọ́, irú èyí tó wà nínú ọpọlọ. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù HIV kúrò, wọ́n fi ti fáírọ́ọ̀sì àrùn ẹnu màlúù tí ń jẹ́ VSV wọ̀ ọ́, nítorí VSV fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ní 1998, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ NIH dán ẹ̀wù dìgbòlugi àti ti Mọ́kọ́lá wò lára aláàárù kan náà, wọ́n sì rí i pé ó bá a mu. Institut Pasteur ní Paris tẹ̀ lé e ní 2001, àwọn ará Philadelphia sì tẹ̀ lé wọn ní 2002. Nínú ọpọlọ eku ni wọ́n ti dán an wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ènìyàn tí ń jẹ́ 293T ni wọ́n máa ń gbìn sínú àwo pẹlẹbẹ. Wọ́n á da òrùka DNA mélòó kan sí i: ọ̀kan ní ìlànà ẹ̀wù Mọ́kọ́lá, òmíràn ní ìlànà èèpo inú àti ẹ̀rọ HIV, ọ̀kan tó kù sì ni ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ya wọ́n sọ́tọ̀ ni, kí fáírọ́ọ̀sì tó bá jáde má baà lè tún ara rẹ̀ ṣe. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, omi pupa inú àwo náà ti kún fún aláàárù tí ojú kò lè rí. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí fíofío fún un pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, wọ́n á sì gbé e sínú ẹ̀rọ amúǹkandì tó tutù tó ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo. Ní ibi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, ìpele ìkẹyìn yìí lè mú gbogbo iṣẹ́ àná ṣòfò.

Ẹrù náà lè jẹ́ jíìnì tó sonù lára aláìsàn. Ó sì lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ní 1998, Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn lára aràn kékeré kan pé RNA oníṣẹ́po méjì lè pa jíìnì lẹ́nu mọ́; wọ́n gba Nobel fún un ní 2006. Ní 2001, ẹgbẹ́ Thomas Tuschl ní Jámánì fi RNA kúkúrú, nǹkan bí lẹ́tà 21, ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. DNA kì í jáde kúrò ní ibùdó rẹ̀. RNA ló máa ń rán níṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe purotéènì báyìí-báyìí. Bí RNA kúkúrú tó bá iṣẹ́ náà mu bá wà nílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yóò fi mọ ìránṣẹ́ ọ̀hún, yóò gé e, purotéènì náà kò sì ní jáde mọ́. Jíìnì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n a kò gbóhùn rẹ̀. RNA tí a dà sí sẹ́ẹ̀lì lásán kì í pẹ́ tán. Ohun tí aláàárù ṣe ni pé ó gbé ìlànà RNA náà wọ inú DNA sẹ́ẹ̀lì, kí ìdákẹ́jẹ́ náà lè máa bá a lọ, kódà nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì.

Ọ̀nà yìí ló ṣí ilẹ̀kùn máítókọ́ńdríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ṣe agbára. Máítókọ́ńdríà ní DNA tirẹ̀, tí ìyá nìkan máa ń fún ọmọ. Lẹ́tà 16,569 ni nínú ìwé tí Cambridge kọ́kọ́ kà parí ní 1981, jíìnì 37 ni wọ́n kà níbẹ̀, purotéènì 13 péré ni wọ́n sì ń fún ni. Àwọn purotéènì yòókù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, ibùdó DNA àárín sẹ́ẹ̀lì ni ìlànà wọn ti ń wá. Àwọn yìí ni RNA kúkúrú lè pa lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ kálísíọ́ọ̀mù jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti mọ̀ pé máítókọ́ńdríà máa ń fa kálísíọ́ọ̀mù mu, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí kò sí ẹni tó mọ jíìnì tó wà nídìí rẹ̀. Ní 2010, ẹgbẹ́ Vamsi Mootha ní Boston to orúkọ àwọn jíìnì tí wọ́n fura sí, wọ́n pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì HeLa, sẹ́ẹ̀lì tó ti ara Henrietta Lacks, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, wá ní 1951. Nígbà tí wọ́n dé orí jíìnì tí wọ́n wá sọ ní MICU1, kálísíọ́ọ̀mù kò wọlé mọ́. Ní ọdún kejì, àwọn kan náà àti ẹgbẹ́ Rosario Rizzuto ní Padua ní Ítálì rí ojú ihò náà gan-an, MCU. Ìbéèrè tí wọ́n fi ìdajì ọ̀rúndún béèrè, ìdákẹ́jẹ́ ló dáhùn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ Nicole Déglon lo ẹ̀wù Mọ́kọ́lá fún ohun tí ẹ̀wù VSV kò lè ṣe. Inú ọpọlọ ní nìúrọ́ọ̀nù, ó sì ní astrocyte tó ń tọ́jú wọn, tó ń bọ́ wọn. Ẹ̀wù Mọ́kọ́lá fẹ́ràn astrocyte ju ti VSV lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ṣì ń yà sínú nìúrọ́ọ̀nù. Ní 2009 wọ́n fi àmì kan kún ẹrù náà, èyí tí RNA kúkúrú inú nìúrọ́ọ̀nù máa ń rí tí ó sì máa ń pa lẹ́nu mọ́. Báyìí, ẹrù tó bá ṣìnà wọ nìúrọ́ọ̀nù yóò dákẹ́, ti inú astrocyte nìkan ni yóò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, olùwádìí lè yí jíìnì padà nínú astrocyte nìkan, kí ó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọpọlọ. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn rárá, ó sì lẹ́wà gan-an.

Aláàárù oníẹ̀wù Mọ́kọ́lá tún wúlò lọ́nà mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá gidi ń fẹ́ ilé ìwádìí tó ní ààbò gíga. Aláàárù tó kàn wọ ẹ̀wù rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Edward Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú èyí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àdán ńláńlá ilẹ̀ Ghana wò, wọ́n gbé èsì jáde ní 2010: ara àwọn àdán náà ti bá fáírọ́ọ̀sì àdán Èkó jà rí. Ní ọdún kan náà, A. A. Dzikwi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ni lára àwọn àdán Nàìjíríà.

Ká padà sí máítókọ́ńdríà: jíìnì 13 tó ń fúnni ní purotéènì nínú DNA rẹ̀ kò gbọ́ ti RNA kúkúrú, nítorí ìta máítókọ́ńdríà ni ẹ̀rọ tó ń gé ìránṣẹ́ wà. Ó di 2020 kí David Liu, Mootha àti Joseph Mougous tó gba oró bakitéríà kan, tí wọ́n fi ṣe ohun èlò tó lè wọlé lọ yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà níbẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, wọ́n yí lẹ́tà kan nínú jíìnì ND4, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe sì dínkù. Ní 2022, ẹgbẹ́ Michal Minczuk ní Cambridge fi aláàárù mìíràn, AAV, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1965, gbé ohun èlò yìí wọ ọkàn eku ààyè.

Ọmọ Yorùbá wà nínú apá yìí náà. Ní 2000, Ulf Gyllensten, Svante Pääbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka gbogbo DNA máítókọ́ńdríà ènìyàn 53 láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, lẹ́tà 16,571 ni tirẹ̀. Tirẹ̀ yìí ni wọ́n fi sínú àwòrán DNA ènìyàn tí ń jẹ́ hg19 tí Yunifásítì California ní Santa Cruz gbé síta fún gbogbo ayé, tí àwọn olùwádìí sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ṣí hg19 láti wo máítókọ́ńdríà aláìsàn rẹ̀, ti ọmọ Yorùbá ló ń fi wọ̀n ọ́n.

Ìbàdàn sì tún fún wọn ní sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap, tó ń ṣe àkójọ ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, bàbá, ìyá àti ọmọ láti agbo 30 ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ènìyàn 90 lápapọ̀. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Howard University nígbà náà, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ni wọ́n fi sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ náà di aláìkú, kí wọ́n lè máa gbìn ín títí láé. Ilé ìpamọ́ Coriell ní New Jersey ló ń tà á fún àwọn olùwádìí. Ní 2008, ọ̀kan nínú wọn, NA18507, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun ka gbogbo DNA rẹ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Chicago pa jíìnì 59 lẹ́nu mọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn, láti mọ jíìnì tó ń darí èkejì. Fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá àti sẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn ti rìn jìnnà, ṣùgbọ́n òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ti ń wáyé. Èyí dunni, nítorí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò wọ́n nílé.

Lẹ́yìn tí owó Rockefeller tán, Akínyẹlé Fábìyí àti Oyèwálé Tómórì wà lára àwọn tó gbé ilé ìwádìí Ìbàdàn ró. Tómórì ló wá di gíwá àkọ́kọ́ fún Redeemer's University, ní ibi tí Christian Happi ti dá ilé ìwádìí ACEGID sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Àwọn olùwádìí Ẹdẹ wà lára àwọn tó ka RNA fáírọ́ọ̀sì Ebola tó wọ Èkó ní 2014. Yábàá ṣì wà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba, NIMR. Ní Ayọ̀bọ̀ ní Èkó náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Anchor University ń kọ́ ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí.

Ní 2024, ọgbọ́n pípààrọ̀ ẹ̀wù tún dé ara àwọn ọmọ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àjọ IAVI bẹ̀rẹ̀ sí í dán abẹ́rẹ́ àjẹsára Lassa wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní Àbújá. VSV ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti fi purotéènì ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára aláìsàn láti Borno ní 1969, rọ́pò ti ara rẹ̀.